Ọwọ́ Ìsàlẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ti jókòó,
àwa mẹ́rin, ní yàrá òkè ilé Ìyáàfin Shigeno
ní Kanazawa, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé,
tó ń kán tó, tó, tó, sínú garawa tí ẹnikẹ́ni ò gbé kúrò.

Ọdún keje mi rèé. Mo fi méjì nínú rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń lọ́ òwú.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ṣẹ́dà ibí kì í ṣe èyí tí à ń rà, tí à ń fi bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Pẹrẹsẹ ló ń bọ̀, ó ń dán bí omi tí afẹ́fẹ́ ò tíì fọwọ́ kàn.
Ìwọ fúnra rẹ ni wàá pín in, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ yí i,
fọ́nrán kan sọ́tùn-ún, fọ́nrán kejì sọ́tùn-ún,
kí o tó wá lọ́ méjèèjì pọ̀ sósì.
Bó bá le jù, á ká kò bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.
Bó bá dẹ̀ jù, á tú lójú gbogbo wa.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi la ẹja lọ́jà.
Ọwọ́ mi rí bí èèpo igi; ṣẹ́dà tí mo bá fọwọ́ bà, há ló ń há sí i.
Tokiwa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà eyín,
á wo ọwọ́ mi, á sì yára wo fèrèsé.
Ìyáàfin Shigeno ò sọ nǹkan kan. Ó fún mi ní àpò èérí ìrẹsì:
“Fi fọ ọwọ́ láàárọ̀, fi fọ̀ ọ́ lálẹ́.”
Ọkọ mi ní mo ti ń rùn bí ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí. Ó rẹ́rìn-ín.
Ìgbà yẹn, ó ṣì lágbára àtirẹ́rìn-ín.

Lékeléke ni mò ń ṣe lọ́dún yìí, funfun lórí funfun,
iṣẹ́ tí wọn kì í gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.
Láti oṣù kẹwàá títí ọdún fi yí, apá òsì ni mo wà.
Ìyáàfin Shigeno dúró lẹ́yìn mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú,
ìka ló fi ń ríran báyìí.
Ó rọra tọ ìyẹ́ náà láti ìdí dé ṣóńṣó.
Ó ní, “Ẹyẹ yìí ò lè fò.”
Ó fi síṣọ́ọ̀sì kékeré lé mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, wákàtí méjì ni mo fi tú u.
Òwú funfun ṣù jọ lórí itan mi bí irun arúgbó.

“Ọwọ́ òkè ló ń gba ìyìn,” ó wí,
“o ti bi ọwọ́ ìsàlẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ rí? Dijú.”

Mo dijú. Abẹ́rẹ́ wọlẹ̀.
Lábẹ́ férémù, nínú òkùnkùn, ọwọ́ kan gbà á,
kò rí ẹyẹ, kò rí funfun,
ó wá ibi tí yóò ti dá a padà, ó sì rí i:
bí mo ṣe máa ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ mi lóru,
láìtan iná, kí egungun rẹ̀ má baà dùn ún,
kí n tó yí i kọjú sí ògiri.
Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́.

Nígbà tí mo lajú, ìyẹ́ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀,
ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Ìyáàfin Shigeno ti lọ gbé omi tíì kaná.

Tokiwa ń tẹ́ okùn wúrà sórí aṣọ, méjì méjì,
nítorí wúrà kì í gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá,
òwú pupa tín-ín-rín ló ń dè é mọ́lẹ̀.
Ó dáwọ́ dúró. Ìka rẹ̀ ti sán.
Kò wo fèrèsé lónìí.
“Èérí ìrẹsì yẹn,” ó ní, “níbo ni wọ́n ti ń tà á?”